Wáyà ẹ̀yìn ló yẹ kó nípọn: bí mo ṣe yan gééjì wáyà sípíkà fún home theatre

Ohun tó wà nílẹ̀

Résífà kan (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn fún àwọn sípíkà), sípíkà méje àti sọbúwúfà kan (sípíkà ohùn jíjinlẹ̀) ló wà nínú iṣẹ́ yìí: méjì níwájú, ọ̀kan láàárín lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, méjì lẹ́yìn àga, méjì lókè àjà. Gbogbo wọn ti wà ní àyè wọn, wáyà ló kù. Mo kọ ti wáyà sílẹ̀ lọ́tọ̀ torí pé ibẹ̀ ni àhesọ pọ̀ sí jù. Ẹnì kan á ní kéèyàn ra èyí tó bá nípọn jù, kó má wẹ̀yìn. Ẹlòmíì á ní wáyà èyíkéyìí tó bá ti ń gbé iná ti tó. Téèyàn bá ti mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti óòmù sípíkà, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó, kò sídìí fún ìjà.

Mo kọ́kọ́ ka óòmù tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti iwájú jẹ́ óòmù 4, ti àárín jẹ́ óòmù 6, ti ẹ̀yìn àti ti òkè àjà jẹ́ óòmù 8. Sọbúwúfà ní ampilifáyà tirẹ̀ nínú, okùn RCA ló so ó mọ́ résífà, nítorí náà ọ̀rọ̀ gééjì, ìyẹn nínípọn wáyà, ò kàn án rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọn ọ̀nà. Mo mú okùn tín-ínrín, mo fi tẹ̀ lé ibi tí wáyà máa gbà gan-an: láti ẹ̀yìn résífà, lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, yí igun po, títí dé ẹ̀yìn sípíkà. Okùn yẹn ni mo wá fi téépù wọ̀n. Ẹni tó bá kàn fojú wọn yàrá láti igun kan sí èkejì ń tan ara rẹ̀ jẹ ni, torí wáyà kì í la àárín yàrá kọjá. Iwájú gba mítà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, àárín gba mítà 3, òkè àjà gba mítà 11 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún gba mítà 9. Ẹ̀yìn lápá òsì gba mítà 14, nítorí ilẹ̀kùn wà lápá ibẹ̀: wáyà gbọ́dọ̀ gun férémù ilẹ̀kùn lọ sókè, kó tún sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Dolby, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ohùn fíìmù, sì ní kí sípíkà ẹ̀yìn wà ní ìwọ̀n dígírí 110 sí 120 sí ibi tí ẹni tó jókòó dojú kọ, ìyẹn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí bí mo ṣe lè fà wọ́n sún mọ́ résífà láti fi dín wáyà kù. Àfikún díẹ̀ tó máa jẹ́ kí n lè fa sípíkà síwájú nígbà ìtọ́jú ti wà nínú iye wọ̀nyí.

Gééjì wo lẹ ń sọ?

Gééjì tí wọ́n sábà máa ń kọ sára wáyà sípíkà ni AWG ti Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1857. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń lọ sókè ni wáyà ń tín-ín-rín sí: 18 tín-ín-rín ju 16 lọ, 16 tín-ín-rín ju 14 lọ. Téèyàn bá fi gééjì 3 sọ̀ kalẹ̀, bíi láti 15 sí 12, bàbà inú wáyà á di ìlọ́po méjì, ìdènà tó ń ṣe fún iná á sì já sí ìdajì.

Ẹ ṣọ́ra níbi kan o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní gééjì tiwọn, SWG, nọ́ńbà wọn ò sì bá ti Amẹ́ríkà mu. SWG 16 fẹ̀ ní mìlímítà 1.63, AWG 14 náà fẹ̀ ní mìlímítà 1.63. Wáyà kan náà, nọ́ńbà méjì. Ẹni tó bá rí "gééjì 16" lára wáyà láìsí lẹ́tà kankan tó tẹ̀ lé e kò tíì mọ ohun tó mú dání. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni tàwọn tó ń fi mm² sọ bí bàbà inú rẹ̀ ṣe tó, torí ìyẹn ò ní ẹ̀tàn: AWG 18 jẹ́ 0.82, 16 jẹ́ 1.31, 14 jẹ́ 2.08, 12 jẹ́ 3.31. Tí ẹ bá wá rí wáyà 1.5 mm², àárín 16 àti 14 ló wà, 2.5 mm² wà láàárín 14 àti 12.

Ìṣirò

Bó ti wù kí bàbà mọ́ tó, ó máa ń dènà iná díẹ̀. Ní mítà kan, gééjì 18 ní mílí-óòmù 21 (mílí-óòmù 1,000 ló jẹ́ óòmù kan), gééjì 16 ní 13.2, 14 ní 8.3, 12 ní 5.2. Iná sì gbọ́dọ̀ lọ kó tún bọ̀, nítorí náà mítà 14 ti apá òsì yẹn jẹ́ mítà 28 bàbà. Ẹni tó bá ka lílọ nìkan ti pín ìdènà sí méjì láìmọ̀.

Ìlànà tí mo tẹ̀ lé ni pé kí ìdènà wáyà, lílọ àti bíbọ̀, má ju 5% óòmù sípíkà lọ. Fún sípíkà óòmù 8, ìyẹn jẹ́ óòmù 0.4, fún óòmù 4, ó jẹ́ 0.2. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gééjì 18 lè bá óòmù 8 dé mítà 9 àti ààbọ̀, 16 á bá a dé nǹkan bíi mítà 15, 14 á dé mítà 24, 12 á dé mítà 38. Tí sípíkà bá jẹ́ óòmù 4, ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí méjì.

Àwọn kan rò pé torí kí wáyà má bàa gbóná ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wáàtì 100 sínú óòmù 8 kò ju áńpíà 3.5 lọ, wíwo fíìmù nínú yàrá kì í sì í sábà gbà tó bẹ́ẹ̀. Kì í tún ṣe pé ohùn á rẹlẹ̀ jù: ní 5%, ohun tó máa dín kù jẹ́ nǹkan bíi 0.4 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn gíga ohùn), etí ò ní fura, résífà á sì dí i fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń fi maikirofóònù wọn yàrá. Ohun tí résífà ò lè fi gíga ohùn lásán dí ni ti pé óòmù sípíkà kì í dúró sójú kan. Òǹkà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti orúkọ. Ìlànà àgbáyé fún sípíkà, IEC 60268-5, gbà kó lọ sílẹ̀ dé 80% òǹkà yẹn, ìyẹn ni pé óòmù 8 lè di 6.4 níbì kan, kó sì fò kọjá 30 níbòmíì, bí ohùn bá ṣe ń ti orí èyí tó jinlẹ̀ lọ sí èyí tó tín-ín-rín. Ibi tó bá ti lọ sílẹ̀ ni wáyà ti ń jẹ iná ẹ jù. Ibi tó bá ti ga, wáyà ò rí nǹkan kan mú. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ohùn kan á rẹlẹ̀, àwọn kan ò ní kúrò níbi tí wọ́n wà, sípíkà tí wọ́n ti fi ara balẹ̀ tò látilé iṣẹ́ á wá máa dún bí wáyà bá ṣe fẹ́.

Mo ṣírò rẹ̀ fún mítà 14 yẹn. Pẹ̀lú gééjì 18, ìyàtọ̀ láàárín ibi tó rẹlẹ̀ jù àti ibi tó ga jù á tó 0.6 dB. Pẹ̀lú gééjì 14, á kù sí nǹkan bíi 0.24 dB. Mi ò ní purọ́ pé àlejò á wọlé kó sọ pé wáyà yín tín-ín-rín o, 0.6 dB kì í ṣe ohun tí ń pariwo. Àmọ́ wáyà tó wọnú ògiri àti férémù kì í ṣe ohun tí à ń fà yọ lọ́dọọdún, mo sì fẹ́ kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Mo wá gbé yàrá sínú ìṣirò. Iwájú, pẹ̀lú gbogbo óòmù 4 rẹ̀, gééjì 16 fún mi ní óòmù 0.105, ìyẹn 2.6%. Àárín ò tó 1.5%. Òkè àjà jẹ́ 3.6%. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún jẹ́ óòmù 0.237, 3%. Gbogbo wọn gba 16 láìsí wàhálà. Apá òsì lẹ́yìn nìkan ló ń janpata: 18 á gbé e dé 7.3%, 16 á gbé e dé 4.6%, 14 á mú un wá sí óòmù 0.232, ìyẹn 2.9%.

Àbúrò mi tó ń bá mi di okùn mú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí àwọn ńlá iwájú yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fún ní wáyà tó nípọn?" Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò nìyẹn. Sípíkà ńlá lójú, wáyà ńlá ló yẹ ẹ́. Mo ní kó ka iye mítà fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó dé orí 4, ó dákẹ́. Nígbà tó dé orí 14, ó rẹ́rìn-ín. Sípíkà iwájú fara ti résífà, ìwọ̀nba bàbà tó wà láàárín wọn ò tó nǹkan. Àwọn tó kéré lẹ́yìn, tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n, ni wáyà wọn ń yí gbogbo ilé ká.

Ẹ tún wo òǹkà méjì ti ẹ̀yìn yẹn: 0.237 lápá ọ̀tún pẹ̀lú gééjì 16, 0.232 lápá òsì pẹ̀lú gééjì 14. Gééjì wọn ò bára mu, ìdènà wọn bára mu. Ká ní mo lo 16 fún méjèèjì torí kí wọ́n lè jọra lójú, òsì ì bá ní óòmù 0.369, ó fi ìdajì àti díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Mo ra 16 mítà 50 fún gbogbo ilé, mo sì ra 14 mítà 20 fún apá òsì nìkan.

Wáyà tó fúyẹ́ jù

Ẹrù 14 yẹn kò wúwo. Mo gbé e sọ́wọ́ kan, mo gbé 16 sọ́wọ́ kejì, ara mi ò sì gbà á: nínípọn rẹ̀ àti wíwúwo rẹ̀ ò dọ́gba. Mo fi ọ̀bẹ ha ojú fọ́nrán kan. Awọ bàbà ṣí kúrò, funfun ló wà nísàlẹ̀. CCA ni, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Wọn ò kọ ọ́ síwájú páálí. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Ṣùgbọ́n fífi ọ̀bẹ ha nìkan lè tan èèyàn. Bàbà tí wọ́n fi tánganran (tin) bò náà ń funfun lójú, bàbà gidi sì ni. Tirẹ̀ funfun níta, ó pupa nínú, òdìkejì CCA. Kí n lè ní òǹkà lọ́wọ́ tí mo bá ń dá a padà, mo wọn ìdènà rẹ̀ kí n tó gé e rárá.

Mọltimítà lásán ò dáa fún èyí, torí wáyà ìdánwò tirẹ̀ nìkan lè ní óòmù 0.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí mo ń wá. Ọ̀nà tó dára nìyí: mo so ẹnu méjèèjì tó wà lópin wáyà pọ̀ mọ́ra. Mo wá fi ẹ̀rọ tó ń gbé iná DC (irú ti bátìrì) jáde, tó ṣeé dín áńpíà rẹ̀ kù, rán áńpíà 1 gééré gba ẹnu tó kù wọlé. Lẹ́yìn náà mo gbé mọltimítà sórí fóòtì, mo fi ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì kan ara bàbà gan-an, kì í ṣe ara ẹ̀rọ. Níwọ̀n bó ti jẹ́ áńpíà 1 ló ń kọjá, iye fóòtì tó bá gbé jáde náà ni iye óòmù. Mítà 20 gééjì 14 bàbà yẹ kó gbé fóòtì 0.33 jáde. Èyí gbé 0.52 jáde.

Ìyẹn ni pé "14" ọwọ́ mi ń ṣe bí bàbà gééjì 16. Kì í ṣe ohun ìyanu: fọ́múlà táwọn tó ń lo CCA máa ń tẹ̀ lé ni kéèyàn fi gééjì 2 nípọn sí i kó tó lè bá bàbà dọ́gba. Ẹni tó mọ̀ pé CCA lòun ń rà, tó sì ra 12 dípò 14, kò ṣe ohun tó burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alumíníọ̀mù tètè ń kán níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lásìkò ìsopọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí n sanwó 14 kí n gbé 16 lọ sílé. Mo dá a padà, mo gba bàbà. Ẹrù tuntun náà gbé 0.34 jáde. Mo wọn 16 náà lọ́nà kan náà, gbogbo mítà 50, ó gbé 1.33 jáde, 1.32 ló yẹ kó jẹ́. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Níti bàbà tí wọ́n ń pè ní OFC, èyí tí kò ní afẹ́fẹ́ oxygen nínú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gba owó kún owó yín. Bàbà wáyà iná lásán àti OFC ń gbé iná bákan náà, ìyàtọ̀ wọn ò tó 1%. Gééjì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi nípọn sí i á ṣe ju ìyẹn lọ fíìfíì. Bákan náà ni ti àwọn tó ní wáyà ọ̀tún àti tòsì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba kí ohùn lè dé pọ̀. Iná inú wáyà ń sáré ju ìdajì ìyára ìmọ́lẹ̀ lọ. Mítà 5 tí òsì fi ju ọ̀tún lọ kò gba ìdá kan nínú mílíọ̀nù 20 ìṣẹ́jú àáyá. Ohùn tó ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò tíì kúrò lójú kan nígbà yẹn.

Títò ó sí ara ilé

Ibí yìí ò ní àrà púpọ̀. Ti ẹ̀yìn gba inú páìpù ike pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀ ògiri. Ti òkè àjà wọ inú ògiri, mo sì rí i pé èyí tó wọ ibẹ̀ ní àmì CL2 lára. Òfin iná ilé ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ àmì yẹn pẹ̀lú CL3, torí kí rọ́bà wáyà má bàa gbé iná ìjàǹbá káàkiri inú ògiri. Níbi tí wáyà sípíkà ti pàdé wáyà iná ilé, mo jẹ́ kó dábùú rẹ̀ kọjá, wọn ò jọ rìn nínú páìpù kan náà. Mo lẹ téépù sí ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lápá méjèèjì kí n tó fà á wọlé, torí wáyà mẹ́rin tó bá yọ orí lẹ́yìn résífà láìlórúkọ, ìyá wọn gan-an ò ní mọ̀ wọ́n.

Ẹnu wáyà

Níbi ìsopọ̀ ni ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ rọra. Mo bó rọ́bà kúrò ní nǹkan bíi mìlímítà 12, mo sì wò ó lójú iná bóyá irinṣẹ́ ti já fọ́nrán kankan. Wáyà tí fọ́nrán rẹ̀ ti já lẹ́nu ti yí gééjì padà níbẹ̀ nìyẹn. Mo lọ́ fọ́nrán yòókù pọ̀ síhà ibi tí síkúrù ń yí sí, kí síkúrù lè máa fún un mọ́ra dípò kó máa tú u. Mi ò fi léèdì jó ẹnu rẹ̀. Léèdì rọ̀, tí síkúrù bá ti tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́ á rọra sá sẹ́yìn, ìsopọ̀ á wá dẹ̀. Banana plug onísíkúrù (ẹnu irin tí wọ́n ń tì bọ inú ihò) ni mo lò níhà résífà torí àyè há níbẹ̀. Níhà sípíkà, bàbà lásán ló wọ inú ihò. Fọ́nrán kan ṣoṣo tó bá yà kúrò lára pupa tó sì kan dúdú, résífà á pa ara rẹ̀, ìyẹn bó bá jẹ́ èyí tó gbọ́n.

Kí n tó so ohunkóhun mọ́ résífà, mo fi mọltimítà kan ẹnu pupa àti dúdú wáyà kọ̀ọ̀kan nígbà tí sípíkà ti wà lópin kejì. Sípíkà máa ń fi òǹkà tó kéré díẹ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀ hàn: ti iwájú gbé 3.4 jáde, àárín gbé 4.9, ẹ̀yìn àti òkè àjà wà láàárín 6.2 sí 6.6. Tí ọ̀kan bá gbé 0.3 jáde, fọ́nrán ti kanra níbì kan nìyẹn. Tí kò bá gbé nǹkan kan jáde, wáyà ti já tàbí síkúrù ò dì í mú.

Résífà àti ẹ̀sùn rẹ̀

Mo gbé maikirofóònù sí ibi ìjókòó, résífà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rẹ̀ yíká yàrá, ó wá kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé pupa àti dúdú sípíkà ẹ̀yìn lápá òsì ti yí padà. Ẹ̀sùn yìí wọ́pọ̀, kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́. Ohùn tó bá ara ògiri tó wà nítòsí padà lè dà á láàmú. Mo yọ wáyà náà níhà résífà, mo mú bátìrì kékeré fóòtì 1.5, mo fi orí rẹ̀ kan pupa, ìdí rẹ̀ kan dúdú, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Àbúrò mi jókòó ti sípíkà. "Ó yọ síta," ó ní. Mo ṣe ti ọ̀tún, òun náà yọ síta. Tí ọ̀kan bá wọlé tí èkejì yọ síta, résífà ló jàre. Àwọn méjèèjì ń yọ síta, nítorí náà mo dá wáyà padà bó ṣe wà, mo tẹ "má kà á sí", iṣẹ́ ń lọ.

Mo gbé ààlà ohùn jíjinlẹ̀ sí 80 Hz fún gbogbo sípíkà, kí sọbúwúfà máa gbé èyí tó wúwo jù. Ìyẹn náà mú ẹrù kúrò lórí wáyà, torí níbi ohùn jíjinlẹ̀ ni fíìmù ti ń fa áńpíà jù.

Ìdènà tí mo wọ̀n lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti wà lára ògiri, pẹ̀lú ìsopọ̀ àti plug: ẹ̀yìn òsì óòmù 0.24, ẹ̀yìn ọ̀tún óòmù 0.24, iwájú 0.11 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, òkè àjà 0.29 àti 0.30. Àárín, 0.08.

Mo kọ òǹkà wọ̀nyí sára páálí kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn résífà pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan: bí ẹnikẹ́ni bá pàrọ̀ sípíkà ẹ̀yìn sí óòmù 4, gééjì 14 ti apá òsì á di 5.8%, tọ̀tún náà á sún mọ́ 6%. Gééjì 12 ló máa kàn lápá òsì nígbà náà, 14 lápá ọ̀tún. Páìpù orí férémù ilẹ̀kùn ṣì gba 12. Mo ti fi èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹrù 14 gbìyànjú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó wọlé.